Ẹ Mọ Ẹni Tí Yóò Mú Èsì Padà Kí Ẹ Tó Pe Ará Abúlé Síbi Àyẹ̀wò Jẹjẹrẹ

Bí ẹgbẹ́ kan bá wá bá mi pé àwọn fẹ́ lọ ṣe àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ní abúlé, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń kọ́kọ́ bi wọ́n: bí ẹ bá rí nǹkan lára obìnrin kan lọ́jọ́ náà, ta ni yóò tọ́jú rẹ̀, níbo, lọ́jọ́ wo, báwo ni yóò sì ṣe dé ibẹ̀? Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ara wọn, mo máa ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n sún ọjọ́ náà síwájú.

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tẹ̀lé àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lọ sí abúlé nítorí jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ àti ti ọmú. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ló jẹ́ kí n máa bi wọ́n bẹ́ẹ̀. A lọ sí abúlé kan, àwọn obìnrin jáde dáadáa, a gba nǹkan tí a fẹ́ yẹ̀ wò lára wọn, a kó o lọ sí ilé àyẹ̀wò ní ìlú. Èsì pẹ́. Nígbà tí yóò fi dé, owó ètò náà ti tán, kò sí ọkọ̀, a kò sì yan ẹnì kankan tí yóò mú èsì padà. Ìwé náà wà nínú fáìlì. Ó tó ọdún kan àtààbọ̀ kí a tó tún dé abúlé yẹn, iṣẹ́ mìíràn ló tilẹ̀ gbé wa débẹ̀. A ní kí a tún pe àwọn obìnrin jọ. Ẹnì kankan kò jáde. Ìyá àgbà kan tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló dá wa lóhùn: "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gba nǹkan lára wa lọ, a ò gbúròó yín mọ́. Ojoojúmọ́ ni mo ń bi ara mi bóyá ikú ti wà lára mi. Ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ìyẹn ná."

N kò rí nǹkan sọ. Àwọn obìnrin yẹn kì í ṣe aláìmọ̀kan, ẹ̀rù àyẹ̀wò kò sì bà wọ́n, wọ́n ṣáà ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan. Àwa la já wọn kulẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níhìn-ín, inú ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn ló ti wá.

Ẹ to ìtọ́jú sílẹ̀ kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni

Jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ni màá fi ṣàlàyé, torí òun ni mo mọ̀ jù, òun náà sì ni a lè yẹ̀ wò dáadáa níbi tí kò sí ẹ̀rọ ńlá. Kòkòrò àìfojúrí kan tí wọ́n ń pè ní HPV ló fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń fa gbogbo rẹ̀. Lára obìnrin tí ara rẹ̀ lágbára láti bá àrùn jà, ó máa ń tó ọdún 15 sí 20 kí ohun tí kòkòrò yìí bà jẹ́ tó di jẹjẹrẹ. Lára ẹni tí agbára yẹn ti dín kù, bí ẹni tó ní HIV tí kò gba ìtọ́jú, ó lè má ju ọdún 5 sí 10 lọ. Ọdún wọ̀nyẹn gùn tó láti gba ènìyàn là. Síbẹ̀, lọ́dún 2022, obìnrin bí 660,000 ni wọ́n rí àrùn yìí lára wọn káàkiri ayé, nǹkan bí 350,000 sì bá a lọ. Àwọn orílẹ̀-èdè tí owó wọn kò tó ni èyí tó pọ̀ jù nínú ikú náà ti ṣẹlẹ̀.

Lọ́dún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé àfojúsùn kan kalẹ̀ fún ọdún 2030: kí 90 nínú 100 ọmọbìnrin ti gba àjẹsára HPV kí wọ́n tó pé ọdún 15; kí 70 nínú 100 obìnrin ti ṣe àyẹ̀wò tó péye kí wọ́n tó pé 35, kí wọ́n sì tún un ṣe kí wọ́n tó pé 45; kí 90 nínú 100 àwọn tí wọ́n bá rí nǹkan lára wọn rí ìtọ́jú gbà. Ẹgbẹ́ tó ń lọ sí abúlé sábà máa ń há èkejì yẹn sórí. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ̀yin fi bẹ̀rẹ̀.

Bí ẹ bá lè yẹ obìnrin wò kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà, ẹ má wulẹ̀ ṣe é lọ́nà mìíràn. Ó ṣeé ṣe. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ lè fi omi kíkan bíi fínígà, tí wọ́n pò ní ìwọ̀n tó yẹ, kan ọrùn ilé-ọmọ, kó dúró fún ìṣẹ́jú kan. Ibi tí nǹkan bá ti ń yí padà yóò funfun. Bí ó bá jẹ́ irú èyí tó ṣeé tọ́jú lójú ẹsẹ̀, irin kékeré kan tó gbóná ni a ó fi kàn án, kò tó ìṣẹ́jú kan lẹ́ẹ̀kan. Ọ̀pọ̀ obìnrin sọ fún mi pé ó dà bí inú rírun ìgbà nǹkan oṣù. Lẹ́yìn rẹ̀, omi lè máa jáde lójú ara fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, obìnrin náà kò sì gbọdọ̀ bá ọkọ sùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Ẹ sọ èyí kó yé e yékéyéké, kí ẹ sì bi í bóyá ó fẹ́ kí ẹ bá òun sọ fún ọkọ òun. Yóò padà wá fún àyẹ̀wò lẹ́yìn ọdún kan.

Àwọn kan yóò wà tí apá yín kò ní ká ọ̀rọ̀ wọn níbẹ̀. Ìwé kan wà tí mo máa ń kọ sílẹ̀ kí n tó kúrò nílé nítorí irú wọn: orúkọ dókítà tó gbà láti rí wọn, ọjọ́ tó máa ń gbàlejò aláìsàn, ẹnu ọ̀nà tí wọn yóò gbà wọlé sí ilé-ìwòsàn náà, orúkọ nọ́ọ̀sì tí wọn yóò bèèrè, àti ẹni tí yóò bá wọn lọ. Mo fi ẹnu ọ̀nà kún un lẹ́yìn tí obìnrin kan dé ilé-ìwòsàn ńlá, tó rí èrò, tí kò mọ ibi tí yóò gbà, tó sì padà sílé. Kò wọ irú ibẹ̀ rí láyé rẹ̀. Látìgbà náà, ẹnì kan máa ń bá wọn lọ ni.

Ẹ má ṣe ṣèlérí pé ẹ ó yẹ gbogbo jẹjẹrẹ wò

Ẹ yan èyí tí agbára yín ká. Fún ti ọrùn ilé-ọmọ, àyẹ̀wò HPV ni Àjọ Ìlera Àgbáyé gbà nímọ̀ràn jù: láti ọmọ ọgbọ̀n ọdún, ní ọdún 5 sí 10 síra wọn; fún obìnrin tó ní HIV, láti ọmọ ọdún 25, ní ọdún 3 sí 5 síra wọn. Obìnrin tó ti gba àjẹsára HPV pàápàá ṣì nílò àyẹ̀wò bí ó bá dàgbà. Fún ti ọmú, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ọmú kì í sábà sí nítòsí abúlé, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáadáa lè fọwọ́ yẹ ọmú wò. Kí ó kọ́kọ́ sọ fún wọn pé púpọ̀ nínú kókó inú ọmú kì í ṣe jẹjẹrẹ. Ti ìfun ńlá ní àyẹ̀wò ìgbẹ́ tí ènìyàn lè gbé lọ sílé ṣe, fún àwọn tó ti lé ní ọdún 45 tàbí 50, bí ìlànà orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá ti wí. Ẹnu àwọn tó ń mu tábà tàbí tó ń jẹ ẹ́ ṣeé wò pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ti ẹ̀yà ara ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní prostate yàtọ̀: kí ọkùnrin bá dókítà jókòó sọ̀rọ̀ kó tó gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ PSA, torí ó lè mú kí wọ́n tọ́jú ohun tí kì bá tí pa á lára láéláé.

Ẹni tó ti ń rí àmì kì í ṣe ẹni àyẹ̀wò yìí rárá. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ lẹ́yìn tó bá ọkọ sùn, tàbí lẹ́yìn tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá pátápátá, ẹni tí kókó tuntun wà lọ́mú rẹ̀, ẹni tó ń rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìgbẹ́, ẹ mú un lọ bá dókítà tààrà. Ẹ má ṣe jẹ́ kó to sórí ìlà kó sì gba káàdì pé ara òun dá.

Ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí ẹ sọ, àti ẹni tí ẹ máa sọ ọ́ fún

Gbohùngbohùn orí ọkọ̀ kì í pe ènìyàn síbi àyẹ̀wò bí ẹnu obìnrin kan tí àwọn yòókù gbọ́kàn lé. Lóòótọ́, ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ kí àwọn olórí abúlé àti àwọn olórí ẹ̀sìn. Ẹ lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ṣàlàyé, ẹ gbọ́ tẹnu wọn. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn náà, ẹ bèèrè pé: ta ni àwọn obìnrin máa ń sá bá bí ara wọn kò bá dá? Ẹ lọ bá obìnrin náà. Ẹ yẹ òun wò ṣáájú ẹnikẹ́ni, bí ó bá fẹ́, kó lè sọ bó ṣe rí lára òun fúnra rẹ̀. N kò tíì rí ìwé àlẹ̀mógiri tó ṣiṣẹ́ tó obìnrin tó jáde látinú yàrá tó sì sọ pé, "Kò dùn mí tó bí mo ṣe rò."

Ẹ pe àwọn obìnrin jọ ní ẹni mẹ́wàá tàbí méjìlá. Bí wọ́n bá pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹnikẹ́ni kò ní béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀.

Orúkọ àrùn yìí ń dẹ́rù bani nínú èdè wa. Ẹni tó bá gbọ́ jẹjẹrẹ, jíjẹ ló ń gbọ́ nínú rẹ̀, ohun tó ń jẹ ènìyàn títí yóò fi tán. Bí ẹ bá sọ pé "a wá wo bóyá jẹjẹrẹ wà lára yín," ohun tí wọ́n gbọ́ ni pé ẹ wá wo ẹni tó máa kú. Bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ nìyí: "Ẹ̀yin ìyá mi, ara yín le, ìdí nìyẹn tí a fi wá nísinsìnyí. Nǹkan kékeré kan wà tó lè di àrùn lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Bí ó bá wà níbẹ̀, a fẹ́ mú un kúrò lónìí." Gbogbo àgbà ló mọ̀ pé kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Mo máa ń dá apá àkọ́kọ́, wọn a sì parí rẹ̀ fún mi. Lẹ́yìn ìyẹn, n kì í nílò àlàyé púpọ̀ mọ́.

Ẹ má ṣe gbé àwòrán ọmú tó ti bàjẹ́ lọ. Mo gbé e lọ rí. Ìyá kan bojú ọmọ rẹ̀, ó gbé e, ó sì lọ, àwọn mìíràn tẹ̀lé e.

Ìbéèrè kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ múra dè ju gbogbo ìyókù lọ. Bí ẹ bá ti sọ pé ìbálòpọ̀ ni HPV ń gbà ràn, ẹnì kan yóò béèrè, ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀: "Ta ló wá kó o ràn mí?" Ọkùnrin náà yóò béèrè tirẹ̀. Ìdáhùn tí kò ṣe kedere lè tú ilé ká níbẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi ṣeré. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo ẹni tó bá ti ní ìbálòpọ̀ rí ni yóò bá HPV pàdé lọ́jọ́ kan. Nínú ọ̀pọ̀ ènìyàn, ara fúnra rẹ̀ a lé e lọ láàárín ọdún méjì. Nínú àwọn kan, ó lè sinmi jẹ́ẹ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó fara hàn nínú àyẹ̀wò. Nítorí náà, kò sí dókítà tó lè wo èsì kó sọ ìgbà tó wọlé tàbí ẹni tó gbé e wá. Kì í ṣe ẹ̀rí àgbèrè. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọkùnrin lọ́tọ̀, níbi ìpàdé tiwọn, ṣáájú ọjọ́ àyẹ̀wò. Ọkọ tó ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi kò ní kọ́kọ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ìyàwó tí ẹ̀rù ń bà.

Àwọn ìyá yóò béèrè nípa ọmọbìnrin wọn náà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé ọmọ ọdún 9 sí 14 ni àjẹsára náà dára fún jù, kí ẹ sì sọ ibi tí wọ́n ti lè gbà á.

Bí obìnrin bá lè fọwọ́ ara rẹ̀ gbà á

Ọ̀pọ̀ obìnrin tó kọ̀ jálẹ̀, ìdí kan ṣoṣo ló ní: kò fẹ́ tú ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú àlejò. N kò bá wọn jà lórí èyí. Fún àyẹ̀wò HPV, kò pọn dandan mọ́. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré kan tàbí òwú orí igi ni a ó fún un. Yóò fọ ọwọ́ rẹ̀, yóò wọ ẹ̀yìn aṣọ ìkélé tàbí yàrá rẹ̀ nílé, yóò lóṣòó tàbí kó gbé ẹsẹ̀ kan lé orí àpótí. Yóò tì í wọ ojú ara díẹ̀díẹ̀, tó bí gígùn ìka, títí yóò fi kan nǹkan. Yóò yí i po bó ṣe wà nínú àlàyé tó bá a wá, yóò fà á jáde, yóò fi sínú ìgò rẹ̀. Kó má ṣe é nígbà nǹkan oṣù. Bí ilé àyẹ̀wò bá lo ọ̀nà tó yẹ, èsì rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ péye bí èyí tí dókítà gbà. Àwọn ẹ̀rọ kan tilẹ̀ wà tó ń gbé èsì HPV jáde láàárín nǹkan bí wákàtí kan.

Mo máa ń fi ọwọ́ mi ṣe àpèjúwe rẹ̀: mo di ọwọ́ òsì bí ihò, mo fi búrọ́ọ̀ṣì wọ̀ ọ́, mo yí i. Mo jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kàn án kí wọ́n rí i pé ó rọ̀. Àwọn àgbà ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ gbà á lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ bá wọn nílé, ojúlé kan sí èkejì, ni àwọn tí n kò rí rí bẹ̀rẹ̀ sí í kópa. Bí èsì bá fi hàn pé kòkòrò náà wà, ìgbà yẹn ni nọ́ọ̀sì yóò ní láti wò ó fúnra rẹ̀. Ẹ sọ èyí ṣáájú, kó má ba à dà bí ẹni tí a tàn.

Bí ẹnì kan bá sì sọ pé àyẹ̀wò ẹ̀ẹ̀kan péré kò lè ṣe nǹkan, ẹ sọ fún un nípa Osmanabad ní Íńdíà. Abúlé ni wọ́n ti ṣe iṣẹ́ yẹn, láàárín obìnrin tó lé ní 130,000, ọmọ ọgbọ̀n ọdún sí 59. Èsì rẹ̀ jáde lọ́dún 2009: láàárín àwọn tí wọ́n fún ní àyẹ̀wò HPV lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ikú látọwọ́ jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ìdajì dín kù sí ti àwọn tí wọ́n kàn ń gba irú ìtọ́jú tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ọjọ́ àyẹ̀wò

Ẹ jẹ́ kí àwọn ará abúlé dá ọjọ́ fúnra wọn. Wọ́n mọ ìgbà tí iṣẹ́ oko pọ̀. Ẹ tètè dé, kí ẹ sì pẹ́ níbẹ̀, torí àwọn tó jìnnà jù ló ń dé kẹ́yìn. Ohun tí ẹ nílò nìyí: ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, omi, ilé ìyàgbẹ́, tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀, òṣìṣẹ́ tó jẹ́ obìnrin tí yóò yẹ wọ́n wò, àga fún àgbà. Ẹ mú ẹnì kan tí yóò máa gbé ọmọ. A pàdánù ọ̀pọ̀ ìyá ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ kí a tó ronú sí ìyẹn.

Ẹ má ṣe pariwo orúkọ. Nọ́ńbà orí káàdì ti tó. Ohun kan tún wà tí n kò rí kí ẹlòmíràn máa ṣe: gbogbo obìnrin tó bá wọlé gba èsì lọ́dọ̀ mi, mo máa ń jẹ́ kí wọ́n pẹ́ bákan náà. Bí ẹni tí ara rẹ̀ dá bá lo ìṣẹ́jú méjì, tí ẹlòmíràn lo ogún, àwọn tó jókòó síta ti ka èsì rẹ̀ kó tó jáde. Torí náà, mo máa ń bá ẹni tí ara rẹ̀ dá náà sọ̀rọ̀ pẹ́, nípa ọmọ rẹ̀, nípa oorun rẹ̀, nípa ìgbà tó tún yẹ kó wá. Mo ti rí àìsàn mìíràn lọ́nà yẹn.

Ẹ mú èsì padà, ti gbogbo wọn

Ẹni tí ara rẹ̀ dá náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Ẹ má ṣe sọ pé "bí ẹ kò bá gbúròó wa, kò sí nǹkan." Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ló fi ìyá àgbà yẹn sínú ìdààmú fún ọdún kan àtààbọ̀. Bí ẹ bá gba nọ́ńbà fóònù, ẹ béèrè pé: "Ta ló tún máa ń gbé fóònù yìí? Bí ẹlòmíràn bá gbé e, kí ni kí n sọ?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀. Èsì kò gbọdọ̀ wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́, kò sì gbọdọ̀ gba ẹnu ọkọ tàbí ìyá ọkọ kọjá; obìnrin náà ló ni ín.

A padà sí abúlé àkọ́kọ́ yẹn. Mo lọ wá fáìlì náà, mo da orúkọ inú rẹ̀ kọ síwèé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì wá ọkọ̀. Ọ̀dọ̀ ìyá àgbà yẹn ni mo kọ́kọ́ lọ. Mo kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo ka tirẹ̀ fún un: kò sí nǹkan. Kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n ka àwọn orúkọ yòókù, ó dìde, ó sì ń bá mi kanlẹ̀kùn wọn láti ilé kan sí èkejì. Obìnrin méjì ló nílò ìtọ́jú. Ọ̀kan wà nílé. Èkejì ti kó lọ sí abúlé mìíràn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ìyá àgbà náà bọ́ síwájú ọkọ̀, ó jókòó ti awakọ̀, ó sì ń tọ́ka ibi tí a máa yà sí. Ìrọ̀lẹ́ la tó bá a.